Sítáǹpù Tọ́kì àtijọ́ nínú agolo bísíkíìtì bàbá mi: ta ló lè bá mi kà á?

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 9:10 àárọ̀

Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Bàbá mi fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ níbí n'Íbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe fìdáù ogójì wọn. Níbi tí a ti ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ la ti bá agolo bísíkíìtì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, sítáǹpù ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, ti Gánà wà níbẹ̀, ìyẹn ò ṣòro fún mi. Àmọ́ àpò bébà kan wà lọ́tọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ "TỌ́KÌ" sí. Sítáǹpù mọ́kànlélógójì àti ènífílóòpù kan ló wà nínú ẹ̀. Màmá mi ní bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Izmir láyé ọjọ́un, ojú wọn ò kan ara wọn rí, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣọ̀rẹ́, wọ́n sì máa ń fi sítáǹpù ránṣẹ́ síra wọn.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí. Kékeré mẹ́ta wà tó jẹ́ yẹ́lò, wọn ò ní eyín létí rárá, àfi bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé wọn. Àwòrán orí wọn dà bí ejò tó ká jọ. Márùn-ún wà tó ní igun mẹ́jọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: igun mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú ìyókù, kéwú ló wà lórí ẹ̀, wọ́n sì tún fi tàdáà pupa tàbí dúdú tẹ kéwú mìíràn lé kéwú ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ọ̀kan ní obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀kan ní ajá. Èyí tó wá tojú sú mi jù ni ènífílóòpù yẹn: sítáǹpù ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára ẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ 40 PARAS sí i lórí. Kí ni Fikitóríà ń wá ní Tọ́kì?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kó gbogbo ẹ̀ dà nù.

AjéWá · Sátidé, 9:22 àárọ̀

Ẹ má dà á nù o, àǹtí. Mo máa gba gbogbo ẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Challenge ni mo wà, kò tó wákàtí kan tí n ó fi dé ọ̀dọ̀ yín.

ÌyáRájíGbági · Sátidé, 9:30 àárọ̀

Ẹni tí ò tíì rí ọjà tó ti ń ná an. Ọmọ yìí, o yára o.

BàbáPeckham · Sátidé, 10:05 àárọ̀

AjéWá, jókòó síbi tí o wà.

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó sítáǹpù Tọ́kì jọ níbí, ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí mi, òun ló ń bínú sí i. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ẹ má fi omi kàn wọ́n, ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn wọ́n. Ní ti ènífílóòpù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ sítáǹpù lára ẹ̀. Lára ìwé tó bá lọ síṣẹ́ ni sítáǹpù ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Ejò tí ẹ rí yẹn, tuğra ni wọ́n ń pè é. Ìbùwọ́lùwé Súlútánì ni. Tí ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí bá jẹ́ ojúlówó, a jẹ́ pé àkọ́bí sítáǹpù ìjọba Ọ́tómánì, ìyẹn ìjọba Tọ́kì àtijọ́, ló wà lọ́wọ́ yín, ti ọdún 1863, ayé Súlútánì Abdülaziz. 1840 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì gbé sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé jáde, àmọ́ ó tó ọdún mẹ́tàlélógún kí Tọ́kì tó tẹ tiwọn. Orí ọbabìnrin ni Gẹ̀ẹ́sì gbé sára tiwọn. Àwọn Ọ́tómánì ò gbé orí Súlútánì síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀, pẹ̀lú oṣù lábẹ́ rẹ̀. Bébà wọn fẹ́lẹ́, bí èyí tí wọ́n fi ń wé góòlù, dúdú ni ìtẹ̀wé náà lórí àwọ̀. Yẹ́lò jẹ́ 20 para. Ogójì para ló ń jẹ́ kuruş kan, ọgọ́rùn-ún kuruş ló ń jẹ́ lírà kan.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn. Ṣé ẹ rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kéwú wẹ́wẹ́ nínú? Ilé-iṣẹ́ ìṣúná ìjọba ló ní àmì yẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé e lórí lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ sítáǹpù tán.

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 10:31 àárọ̀

Ẹ ṣé púpọ̀, bàbá. Ìlà pupa wà lára méjì. Ìkẹta, wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù. Mo ti ya àwòrán gbogbo wọn, ẹ wò ó nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ kéwú, ẹ bá wa dá sí i. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èmi kà.

ÀáfàKékeré · Sátidé, 11:02 àárọ̀

Ìlọrin ni mo wà, kéwú ni wọ́n fi tọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Inú tuğra yẹn, ó gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àmọ́ mo rí Abdülaziz, mo rí Mahmud tó jẹ́ bàbá ẹ̀, mo sì rí "al-muẓaffar dāʾiman", ìyẹn ni pé aṣẹ́gun títí láé. Mo dìde lórí ìjókòó nígbà tí mo rí i.

Àwọn tó tẹ̀lé e: mo rí ٢٠, ogún nìyẹn. Mo rí ١٠, ẹ̀wá. Àǹtí, èyí tí ẹ kọ "òdo" sí lábẹ́ àwòrán rẹ̀ kì í ṣe òdo o. Bí òdo Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe rí, àmọ́ ٥ ni, márùn-ún. Òdo ti kéwú, àmì róbótó kékeré lásán ni.

Àmọ́ ohun kan rú mi lójú. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé iye owó, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní àmì róbótó mẹ́ta nísàlẹ̀. Mo ti ka Kùránì parí kì í ṣe ìgbà kan, kì í ṣe ìgbà méjì, mi ò rí lẹ́tà yẹn níbẹ̀ rí.

BàbáPeckham · Sátidé, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, àáfà. Ẹ ò lè rí i níbẹ̀. P ni. Lárúbáwá ò ní P, ọwọ́ àwọn ará Páṣíà ni Tọ́kì ti gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ni پاره, para. Ìkejì tí ẹ ó máa rí ni غروش, kuruş. Lẹ́tà kéwú ni, àmọ́ èdè Tọ́kì ni wọ́n ń fi í kọ.

ÀáfàKékeré · Sátidé, 11:23 àárọ̀

Àńjẹ̀mí! Bí àwọn àáfà wa àtijọ́ ṣe ń fi kéwú kọ Yorùbá náà nìyẹn! Ó yé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é jáde tí mi ò sì gbọ́ nǹkan tí mò ń pè.

Akẹ́kọ̀ọ́Fatih · Sátidé, 11:48 àárọ̀

Ẹ ǹlẹ́ o. Istanbul ni mo ti ń kàwé, ọdún kẹta mi rèé. Orúkọ tí wọ́n ń pe sítáǹpù níbí ni "pul". Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìpẹ́ ẹja. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, mo lọ sí ọjà ẹja, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pariwo pul, pul, mo rò pé ó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Tí ẹ bá rí sítáǹpù kan tó ní ilé ńlá kan lórí, ti 1913, ilé náà ṣì wà ní Sirkeci títí di òní. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà ni. 1909 ni wọ́n kọ́ ọ parí, Vedat Tek ló ya àwòrán rẹ̀. Mo ti lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé níbẹ̀. Orí òrùlé onídíńgí rẹ̀ ni mò ń wò títí ó fi kàn mí lórí ìlà.

AjéWá · Sátidé, 12:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n mú un di ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n. Àǹtí, tí ẹ ò bá sì fẹ́ tà á, ẹ lọ lámínéètì wọn kí omi má bàa kàn wọ́n.

BàbáPeckham · Sátidé, 12:17 ọ̀sán

LÁMÍNÉÈTÌ? Wọ́n á fi iná àti rọ́bà sin wọ́n láàyè. Ẹ má dán an wò! Ẹni tó bá lámínéètì sítáǹpù 1863, kí ló kù tó yàtọ̀ sí ẹni tó jó o níná?

Àbúrò, bébà gbígbẹ ni kí ẹ fi wọ́n sáàárín, kí agolo náà wà níbi tí òjò àti ooru ò ti ní í bá a. N'Íbàdàn, òjò lọ̀tá yín. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù máa ń rọ̀ ní oṣù kẹfà, sítáǹpù méjì á lẹ̀ mọ́ra, ó parí. Ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ máa fi gbé wọn, kì í ṣe ìka.

ÌyáRájíGbági · Sátidé, 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀yin Bàbá Peckham, mo ń ta aṣọ, mi ò mọ sítáǹpù. Àmọ́ ọbabìnrin yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní owó Tọ́kì lórí? Ẹlòmíràn lè wá ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ìlú onílùú ni?

BàbáPeckham · Sátidé, 1:35 ọ̀sán

Ìyá wa, ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan ti bi mí láti àárọ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣí i, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn Súlútánì ti fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ní àdéhùn àǹfààní, tó fi jẹ́ pé òfin ìlú wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀, kì í ṣe òfin Súlútánì. Nígbà tó yá, àdéhùn yẹn náà ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi ń gbé lẹ́tà ara wọn. Ọ́síríà, Faransé, Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Ítálì: ìkọ̀ọ̀kan ló ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀ ní Constantinople tí à ń pè ní Istanbul lónìí, wọ́n tún ní ní Smyrna tí à ń pè ní Izmir lónìí, ní Beirut, àti ní ọ̀pọ̀ ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ rò ó wò. Ní ìgboro kan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè yan èyí tó wù ú nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ méje, ti onílùú náà wà lára wọn, ti onílùú gan-an ni àwọn oníṣòwò ńlá kì í sì í yà sí.

Sítáǹpù tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò nílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ tó ní C nìkan la fi ń mọ̀ pé Constantinople ló ti gbéra. Láti 1885 ni wọ́n ti ń tẹ owó ìlú náà lé e lórí. Pẹ́nì méjì àbọ̀ ni owó lẹ́tà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ìyẹn kuruş kan, ìyẹn 40 para. Ti àbúrò wa yìí, mo wò ó nínú àwòrán, tàdáà ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò lórí bébà búlúù, èyí tó jáde láti 1887 ni. Ẹ bá mi ka ohun tó wà nínú òǹtẹ̀ róbótó tó wà lórí ẹ̀.

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 1:50 ọ̀sán

"BRITISH POST OFFICE CONSTANTINOPLE." Ọdún ẹ̀ jọ 96. Manchester ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti ṣá.

BàbáPeckham · Sátidé, 1:58 ọ̀sán

Manchester. Ọ̀rọ̀ òwú àti aṣọ nìyẹn, Ìyá Rájí, ẹlẹgbẹ́ yín ni wọ́n. Ẹ fi ènífílóòpù yẹn sí ibi tó dára, àbúrò. Èmi kò ní í fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú sítáǹpù ogún.

ÈkóÀtijọ́ · Sátidé, 3:10 ọ̀sán

Mo fẹ́ ya bàrá díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí pé Èkó náà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn Ọ́tómánì. Nígbà tí Mohammed Shitta kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, tí Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa jẹ́ kọ́lékọ́lé rẹ̀, Súlútánì Abdülhamid Kejì rán Abdullah Quilliam, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí Gẹ̀ẹ́sì, láti Liverpool wá síbi ìṣílé ní oṣù keje ọdún 1894. Ó gbé oyè Bey wá fún un pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdílé náà ti ń jẹ́ Shitta-Bey. Inú mi ì bá dùn láti rí sítáǹpù tó wà lára àwọn lẹ́tà tó lọ tó bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

BàbáPeckham · Sátidé, 3:26 ọ̀sán

Èmi náà! Láti Èkó, orí ọbabìnrin ni ì bá wà lórí ẹ̀, torí láti 1874 ni Èkó ti ní sítáǹpù tirẹ̀. Láti Istanbul, tó bá ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba jáde, ọ̀wọ́ 1892 ni, àwọn tó ní àmì ìjọba pẹ̀lú tuğra Abdülhamid. Mo rí mẹ́rin irú wọn nínú àwòrán àbúrò wa. Wọn ò wọ́n, wọ́n pọ̀ lọ́jà, àmọ́ ní tiyín ẹ ti wá mọ ẹni tó ń jọba nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́tà.

Akẹ́kọ̀ọ́Fatih · Sátidé, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ padà sórí olóníigun mẹ́jọ. Ìyẹn ló gbé mi wọ ìjíròrò yìí.

BàbáPeckham · Sátidé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Hmm. Mo ti ń sá fún un láti àárọ̀ ni.

1897 ni Tọ́kì àti Gíríìsì jagun. Ọmọ ogun Ọ́tómánì gba agbègbè Thessaly ní Gíríìsì, wọ́n sì wà níbẹ̀ wọ inú 1898. Sítáǹpù tí wọ́n tẹ̀ fún lílò àwọn ọmọ ogun yẹn ni: afárá ìlú Larissa nísàlẹ̀, tuğra lókè, igun mẹ́jọ. Márùn-ún péré ni, 10 para, 20 para, kuruş kan, kuruş méjì, kuruş márùn-ún. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun fi kúrò níbẹ̀. Sítáǹpù onígun mẹ́jọ, ti ogun, tí kò pẹ́ níta: gbogbo olùkósítáǹpù ayé ló fẹ́ ẹ. Ohun tí gbogbo ayé bá sì ń fẹ́, aláyédèrú ò ní í jìnnà.

Àbúrò, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo òǹtẹ̀ tó wà lórí wọn. Ibo ló wà lórí ìkọ̀ọ̀kan?

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Igun ọwọ́ òsì nísàlẹ̀. Lórí gbogbo márààrún.

Ibì kan náà gan-an ló ti gé sí. Áà.

ÌyáRájíGbági · Sátidé, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ó dà bí rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n fi ta ilẹ̀ kan fún èèyàn márùn-ún.

BàbáPeckham · Sátidé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kò jìnnà, ìyá wa. Ẹni tó ń fọwọ́ lu òǹtẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í lù ú síbì kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọwọ́ á rẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ síhìn-ín yẹ̀ sọ́hùn-ún. Òǹtẹ̀ tó bá dúró sójú kan bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ sítáǹpù láti ilé. Mo tún wo ìlà afárá yẹn, ó ṣú pọ̀, kò mú. Ayédèrú ni lójú tèmi. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ bàbá ní Izmir náà má mọ̀. Èmi ra odidi márùn-ún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi wọ́n yangàn fún oṣù mẹ́fà kí àgbàlagbà kan tó rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi wọ́n sójú ìwé kan lọ́tọ̀, mo kọ "owó ilé-ìwé" sí i lókè.

Ti 1863 yín, mi ò lè fi àwòrán fóònù búra. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi awò wò ó kó sì fọwọ́ kan bébà ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà níbí tó ń jẹ́ OPAL, sítáǹpù Ọ́tómánì ni iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá gbà, mo lè fi àwòrán tó mọ́ dáadáa hàn wọ́n.

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà, bàbá. Ó dùn mí díẹ̀ o, torí àwọn olóníigun mẹ́jọ yẹn ni mo ti fi han àwọn ọmọ mi.

Ajá ńkọ́?

BàbáPeckham · Sátidé, 5:19 ìrọ̀lẹ́

Ìkookò ni, kì í ṣe ajá! Ọ̀wọ́ 1926 nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti di olómìnira. Ìtàn wọn ni pé ìkookò eléwú ló ṣáájú àwọn baba ńlá wọn jáde láàárín òkè tó ti sé wọn mọ́. Ẹ wò ó, kéwú ṣì wà lórí ẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n ṣòfin pé lẹ́tà Látìnì ni kí gbogbo ìlú máa kọ, kéwú sì kúrò lórí sítáǹpù wọn. Àáfà, iṣẹ́ yín parí níbẹ̀.

Obìnrin oníṣẹ́ ìtẹ̀wé, ti 1935 ni. Àwọn obìnrin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe àpérò ní Istanbul lórí ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n sì tẹ sítáǹpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un. Olùkọ́ wà lára wọn, awakọ̀ òfuurufú wà lára wọn, Marie Curie wà, Selma Lagerlöf wà. Ní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú ni àwọn obìnrin Tọ́kì gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin, kí àwọn náà sì dupò. Odidi ọ̀wọ́ yẹn ṣòro láti rí.

ÀáfàKékeré · Sátidé, 8:20 alẹ́

Iṣẹ́ mi ò tíì parí o, bàbá. Mo ti kírun ìṣáà, mo tún padà sórí àwòrán. Lórí àwọn tí wọ́n tẹ tàdáà pupa lé, mo rí ọdún. ١٣٣١ ni, 1331. Òṣùpá àti ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sì ti ṣírò ẹ̀: 1331 lẹ́yìn Hijira bọ́ sí 1913.

BàbáPeckham · Sátidé, 8:33 alẹ́

Ẹ máa bínú, àáfà, 1915 ni.

ÀáfàKékeré · Sátidé, 8:36 alẹ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ Hijira kì í ṣe ohun tí ẹ ó bá mi jà lé lórí. Kàlẹ́ńdà wà níwájú mi. Mùhárámù 1331 bọ́ sí oṣù kejìlá 1912.

BàbáPeckham · Sátidé, 8:55 alẹ́

Ẹ jàre lórí Hijira. Àmọ́ Hijira kọ́ nìyẹn. Ìjọba Ọ́tómánì ní ọdún mìíràn tí wọ́n fi ń gba owó orí tí wọ́n sì fi ń ṣe ìwé ọ́fíìsì, Rumi ni wọ́n ń pè é. Láti Hijira ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀, àmọ́ oòrùn ló ń tẹ̀lé, kò tẹ̀lé oṣù. Oṣù kẹta ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 584 kún un: 1331 á di 1915. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kó wọn jọ ti kọ́kọ́ ń ṣubú nìyẹn.

Ìtàn sì jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1914, ìjọba gbé ọ̀wọ́ tó rẹwà jù nínú gbogbo ti Ọ́tómánì jáde, àwòrán Istanbul ló kún inú ẹ̀, Súlútánì Mehmed Karùn-ún sì fi ojú ara rẹ̀ hàn nínú ẹ̀. London níbí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, lọ́dọ̀ Bradbury Wilkinson. Kí ọdún yẹn tó parí, Tọ́kì àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ara wọn jagun. Ta ló máa tẹ sítáǹpù fún ọ̀tá? Wọ́n wá kó sítáǹpù ọdún pípẹ́ tó kù nínú àká jáde, wọ́n tẹ òṣùpá, ìràwọ̀ àti ọdún lé wọn lórí, wọ́n sì ń tà wọ́n. Nígbà tó yá ni wọ́n lọ ń tẹ tuntun ní Vienna. Kéwú orí kéwú tí àbúrò wa rí nìyẹn.

Ọdún yẹn náà ni Tọ́kì ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn àjèjì pa, kí òun àti Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ìjà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1914. Wọ́n tún tẹ ọ̀rọ̀ ayẹyẹ lé sítáǹpù lórí nítorí ẹ̀.

ÀáfàKékeré · Sátidé, 9:04 alẹ́

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì gbà tán. Ẹni tó bá kọ 1331 tí kò sọ irú ọdún tó jẹ́, òun ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan mìíràn hàn yín. Sítáǹpù kejìdínlógún nínú àwòrán. Àǹtí kọ "àbàwọ́n wà lára ẹ̀" sí i. Kì í ṣe àbàwọ́n. Lẹ́tà ni. ب, bāʾ. Òun nìkan ló dá wà, wọ́n fi tàdáà tẹ̀ ẹ́ lé e. Irú ẹ̀ tún wà lórí ìkejìlélógún.

BàbáPeckham · Sátidé, 9:10 alẹ́

Àáfà!! Mo ti wo àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo fò ó!

Ẹ rántí ilé ìfìwéránṣẹ́ méje yẹn. Láti nǹkan bí 1906, ìjọba Ọ́tómánì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bāʾ yìí lé àwọn sítáǹpù kan lórí, wọ́n ń ta ìwọ̀nyẹn fún àwọn oníṣòwò ní ẹ̀dínwó fún lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun, kí wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sílẹ̀ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ onílùú.

ÌyáRájíGbági · Sátidé, 9:14 alẹ́

Èènì! Ìjọba ń bù èènì kí oníbàárà má bàa yà sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́! Ẹ wò ó, ọjà ọjà náà ni gbogbo ẹ̀. Èyí wá yé mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ yín lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Fatih · Sátidé, 9:20 alẹ́

Ṣé èyí tó ní 1337 náà wà níbẹ̀? Mo rí nǹkan tó jọ ọ́ nínú àwòrán tó kẹ́yìn.

BàbáPeckham · Sátidé, 9:37 alẹ́

Ó wà níbẹ̀. 1921 nìyẹn, kí àáfà tó bá mi jà. Àwọn ọmọ ogun àjèjì ti gba Istanbul ní oṣù kẹta ọdún 1920, Mustafa Kemal, ọ̀gágun tó wá di ààrẹ Tọ́kì lẹ́yìn náà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì ti gbé ìjọba tiwọn kalẹ̀ ní Ankara. Sítáǹpù ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá kó sítáǹpù owó orí jọ, ti kóòtù, ti ìwé ilẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi ń gba owó fún rélùwéè Hijaz tó lọ sí Mẹ̀dínà, wọ́n tẹ "Osmanlı postaları" àti ọdún lé wọn lórí, wọ́n sì fi ń gbé lẹ́tà. Èmi fẹ́ràn ìwọ̀nyẹn ju ti 1863 lọ. Wọn ò lẹ́wà, ìtẹ̀wé wọn wọ́, àmọ́ ìjọba tó ń jagun tó sì tún fẹ́ kí lẹ́tà dé ilé, ojú ẹni ló ń rí i lórí bébà yẹn.

AjéWá · Sátidé, 9:41 alẹ́

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn mi nìyẹn.

ỌmọDùgbẹ̀ · Sátidé, 9:43 alẹ́

AjéWá, ẹ má dé ọ̀dọ̀ mi o.

ỌmọDùgbẹ̀ · Sọ́ńdè, 7:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Iná ò sí lálẹ́ àná, òwúrọ̀ yìí ni mo tó lè tún wo àpò bébà yẹn dáadáa. Mo da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní, mo yí àpò náà sí òdì. Pẹ́ńsùlù wà nínú ẹ̀, ìṣirò ni, ọwọ́ bàbá mi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ mọ́, mo rò pé gbèsè tí wọ́n jẹ ẹnì kan ni, mo tiẹ̀ bi màmá mi bóyá wọ́n ti san án.

1331 + 584 = 1915
1332 + 584 = 1916
1337 + 584 = 1921

Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn.

ÀáfàKékeré · Sọ́ńdè, 7:31 àárọ̀

Ó dáa. Mo gbà fún bàbá. Kì í ṣe ti Peckham o, ti Dùgbẹ̀.